Pákó Fífẹ̀ Tí Mi Ò Là sí Méjì

Ẹ kú ilé o, bàámi. Mo kúnlẹ̀ láti Ìsọlọ̀ kí ẹ̀yin àti màámi. Mo kí ẹ̀gbọ́n mi Káyọ̀dé àti ìyàwó wọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Ẹ bá mi gbé ọmọ náà jó.

Òjò kò dáwọ́ dúró níbí, ṣùgbọ́n ara mi le. Ọjọ́ Àìkú nìkan ló máa ń ṣe mí bíi pé mo dá wà jù, tí mo bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé tí kò sí ẹni tí yóò bi mí pé kí ni wọ́n wàásù lé lórí.

Ẹ bi mí pé kí ló dé tí mi ò pè fún ọ̀sẹ̀ méjì. Pákó kan ni. Ìyá Bọ́lá, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ní Jakande Estate, ló gbé e wá: ìrókò kan ṣoṣo, ó fẹ̀ tó gígùn apá mi. Ọkọ wọn ló rà á fún tábìlì ìjẹun kí wọ́n tó kú. Wọ́n ní kí n ṣe é, ṣùgbọ́n mi ò gbọdọ̀ là á.

Pákó náà ti lọ́. Tí ẹ bá tẹ igun kan, igun kejì á gbéra nílẹ̀. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń fi ẹ̀rọ fági, ẹnu ẹ̀rọ wọn kò gbà á. Wọ́n ní kí n là á, kí n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ pa dà, pé ìyá kò ní mọ̀. Èmi á mọ̀, bàámi.

Ni mo bá kan afárá kékeré fún ráútà mi, ẹ̀rọ ọwọ́ tí ọbẹ rẹ̀ ń yí bìrìbìrì lábẹ́. Mo fi ẹ̀là igi ti abẹ́ pákó kó má baà mì, mo to igi gbọọrọ méjì tó ga dọ́gba sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, afárá náà sì ń rìn lórí wọn. Bí mo ṣe ń ti ẹ̀rọ lọ tí mo ń fà á bọ̀, ibi tó ga nìkan ni ọbẹ yẹ kó jẹ.

Ìgbìyànjú àkọ́kọ́ bà jẹ́. Ẹ̀rọ wúwo, àárín afárá tẹ̀, ọbẹ sì gbẹ́ kòtò sí igi olóògbé. Mo jókòó sílẹ̀, mo sunkún. Ẹ̀gbọ́n Wàsíù, ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń ṣe fèrèsé alumíníọ̀mù ní ṣọ́ọ̀bù kejì, ní kí n nu ojú, pé igi náà ṣì nípọn. Wọ́n mú ọ̀pá alumíníọ̀mù méjì wá, a fi gbé afárá náà ró. Kò tẹ̀ mọ́.

Díẹ̀díẹ̀ la ń sọ ọbẹ kalẹ̀ títí kòtò fi parẹ́. Nígbà tó rẹ̀ mí, ẹ̀gbọ́n Wàsíù gbà á lọ́wọ́ mi. Wọn ò fági rí láyé wọn, síbẹ̀ ibi tí wọ́n ṣe tẹ́jú bíi tèmi.

Ọjọ́ tí Ìyá Bọ́lá wá, wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ ra pákó náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Wọ́n ní kí n fa àga wá, wọ́n sì jókòó tì í bí ẹni tó ń dúró de oúnjẹ.

Bàámi, màámi sọ fún mi pé ẹ ti ti ṣọ́ọ̀bù iṣẹ́ igi yín nítorí ọwọ́ tó ń gbọ̀n. Afárá yìí kì í wo ọwọ́. Igi gbọọrọ méjèèjì ló ń mú un tọ́. Tí òjò bá dá, ẹ máa bọ̀. Ẹ̀yin lẹ ó fi ojú yín yan igi, ẹ̀yin lẹ ó ti ẹ̀rọ, èmi á máa gbálẹ̀.

Kí Olúwa dá yín sí fún wa, kó jẹ́ kí ẹ pẹ́ nídìí oúnjẹ ọmọ. Ẹ bá mi kí gbogbo ará ilé, àti aládùúgbò tó bá béèrè mi.

Èmi ni ọmọ yín,
Fúnkẹ́