Ilé Tí Mo Rà ní Kẹ́mta àti Ìyá Tí Mo Bá Nínú Rẹ̀

Ìyá mi àtàtà,

Mo ti ra ilé. Ó yẹ kí n kọ́kọ́ kí yín dáadáa kí n tó sọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́ lọ́fun mi. Kì í ṣe pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ilé alámọ̀ tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ni, ní Kẹ́mta, ọ̀dẹ̀dẹ̀ gùn láàárín rẹ̀, páànù orí rẹ̀ sì ti dípẹtà. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ gbòòrò. Ó gba gbogbo ìkòkò aró mi, oòrùn sì ń wà níbẹ̀ láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, aṣọ kì í pẹ́ gbẹ. Inú yín ì bá dùn. Àbí kò ní dùn? Ohun tí mo fẹ́ bi yín gan-an nìyẹn.

Nínú gbogbo ilé tí a háyà, ẹ ò kan ìṣó kan ṣoṣo mọ́ ògiri rí. Okùn lẹ máa ń ta láti ojú fèrèsé dé ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, ẹ ó sì fi aṣọ yín kọ́ ọ. Ẹ máa ń gbá àgbàlá kọjá ibi tó kàn yín, kí onílé má baà rí nǹkan wí. Mo máa ń wò yín, mo sì máa ń sọ nínú ara mi pé bí mo bá dàgbà, n ó ra ilé tí ẹnikẹ́ni ò ní lè lé wa kúrò níbẹ̀. Mo wá pẹ́ jù.

Àwọn ọmọ Alhájì kan tó ń ta awọ nígbà ayé rẹ̀ ló ta ilé náà. Èkó ni ọ̀pọ̀ nínú wọn wà. Múfútàù, àkọ́bí wọn, ló ń bá wa sọ̀rọ̀. Nígbà tó kọ́kọ́ wá, ó ti mú ìwé rìsíìtì dání. Bàbá Bùnmi, ọkọ mi, ti fẹ́ kówó fún un lọ́jọ́ náà, nítorí wọ́n ní ẹlòmíràn ń wo ilé náà. Ẹ rántí pé ilé iṣẹ́ sìmẹ́ńtì ní Ewékorò ni Bàbá Bùnmi wà, ó sì ti sú u láti máa ti ibẹ̀ padà sí yàrá kan ṣoṣo tí àwa àti àwọn ọmọ ń há mọ́. Èmi ni mo ní kó fi rìsíìtì náà sílẹ̀ ká kọ́kọ́ fi han lọ́yà.

Bàbá àgbàlagbà kan ni lọ́yà náà, ọ́fíìsì rẹ̀ wà ní Ìbarà. Ó gba rìsíìtì náà lọ́wọ́ mi, ó yí i padà bí ẹni ń wá ohun kan lẹ́yìn rẹ̀, ó sì ní ohun tí ìwé yìí lè fi hàn ni pé owó kúrò lọ́wọ́ ẹnì kan bọ́ sọ́wọ́ ẹnì kejì. Kò fi hàn pé ilé kúrò lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí ní ìbéèrè. Ta ló ni ilẹ̀ kí Alhájì tó kọ́lé sí i? Ìyàwó mélòó ni Alhájì fẹ́, ṣé ọmọ láti inú ìyá kọ̀ọ̀kan ni yóò fọwọ́ sí ìwé, àbí Múfútàù nìkan? Ṣé ẹjọ́ kankan wà ní kóòtù lórí rẹ̀? Ṣé wọn ò ti fi ṣe ìdúró láti yá owó ní báńkì? Ó ní láti ìgbà tí àwọn ṣọ́jà ti ṣe òfin ilẹ̀, bí gbogbo wa bá tilẹ̀ fọwọ́ sí i, ó ṣì kù kí Gómìnà fi àṣẹ sí i. Mo kàn jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ tí aró ti pa dúdú lórí itan mi.

Ìbéèrè tó bi mí kẹ́yìn ló rọrùn jù: ta ló ń gbé inú ilé náà? Mo ní Múfútàù sọ pé ayálégbé díẹ̀ ni, wọn yóò kó jáde. Ó ní kí n lọ fojú ara mi rí i, kí n sì lọ nígbà tí Múfútàù ò sí níbẹ̀.

Mo lọ ní ọ̀sán ọjọ́ kejì. Àwọn ayálégbé ti kó lọ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ sàréè Alhájì tí wọ́n rẹ́ ní sìmẹ́ńtì, ìyá arúgbó kan jókòó lórí ẹní, ó ń ṣa ẹ̀wà. Wọ́n ń pè é ní Ìyá Rábì. Òun ni ìyàwó tí Alhájì fẹ́ kẹ́yìn. Rábì nìkan ló bí, Rábì sì ti kú ní kékeré. Mo kúnlẹ̀ kí i. Ó bu omi fún mi kó tó béèrè ohun tí mo bá wá. Nígbà tí mo sọ fún un pé ilé ni mo wá wò, ó gbé àwo ẹ̀wà kalẹ̀.

“Wọ́n ti sọ fún mi pé àwọn ń ta ilé,” ló wí. “Wọn ò sọ ibi tí èmi ń lọ.”

Mi ò lè mu omi náà tán.

Nígbà tí mo padà lọ sọ fún lọ́yà, ó ní òun ti fura. Ó ṣàlàyé fún mi pé nínú àṣà wa, ìyàwó kì í jogún ilé ọkọ, nítorí náà ilé lè di títà láìsí ìfọwọ́sí rẹ̀. Ọmọ ló ń fọwọ́ sí i lórúkọ ìyá, Ìyá Rábì ò sì lọ́mọ. Ó ní bí ó bá jẹ́ ìlànà ẹ̀sìn wọn ni wọ́n fi pín ogún, ìpín tirẹ̀ ì bá wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n àṣà ni wọ́n mú nítorí pé òun ló rọ̀ wọ́n lọ́rùn. Síbẹ̀, ó ní àṣà kan náà ló fún opó lẹ́tọ̀ọ́ láti máa gbé ilé ọkọ rẹ̀ títí yóò fi kú, àti pé ẹni tó bá ra ilé láìyanjú ọ̀rọ̀ yìí ti ra wàhálà mọ́ ọn.

Múfútàù ní kí n má da ara mi láàmú. Ó ní òun yóò gbé ìyá náà lọ sí Wásinmi, níbi tí wọ́n ti bí i, kí a tó kẹ́rù dé. Mo bi í bóyá ẹnikẹ́ni kù níbẹ̀ tó mọ̀ ọ́n. Ó ní a ó rí ẹnì kan.

Màmá, Papalanto tí a ń gbé nígbà ayé Bàbá ni mo rí lójú mi. Mo kéré nígbà tí Bàbá kú, ṣùgbọ́n mo rántí bí àwọn àbúrò rẹ̀ ṣe to ìkòkò yín sí ẹ̀bá títì, tí wọ́n ní ilé ẹ̀gbọ́n àwọn ni. Ẹ dì mí lọ́wọ́ mú. A ti rìn díẹ̀ kí ẹ tó padà lọ ti ilẹ̀kùn yàrá, tí ẹ sì fi kọ́kọ́rọ́ náà sílẹ̀ lójú fèrèsé fún wọn. Kí ló dé tí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀? Ṣé ẹ̀ ń bínú ni, àbí ẹ̀ ń bọ̀wọ̀ fún ilé náà? Ẹ ò sọ ọ́ rí, èmi náà ò sì béèrè.

Mo fẹ́ jáwọ́. Bàbá Bùnmi ní bí a ò bá rà á, ẹlòmíràn yóò rà á, yóò sì ju ẹrù ìyá náà síta lọ́jọ́ tó bá gba kọ́kọ́rọ́. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ṣé nítorí ìyá náà ni mo ṣe rà á, àbí nítorí ẹ̀yìnkùlé tí oòrùn ń pa?

Mo ní kí lọ́yà kọ ọ́ sínú ìwé pé Ìyá Rábì yóò máa gbé yàrá rẹ̀ títí ọlọ́jọ́ yóò fi dé, àti pé ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan sàréè náà. Múfútàù bínú, àmọ́ ó fọwọ́ sí i, àwọn yòókù náà fọwọ́ sí i, ọ̀kọ̀ọ̀kan láti inú ìyá tirẹ̀. Bàbá Bùnmi ló ṣòroó tù nínú. Yàrá iwájú tó kọjú sí títì ni ti ìyá náà, ọkọ mi sì ti ń rò ó láti fi ṣe ṣọ́ọ̀bù. Ó ní ibo ni wọ́n ti ń ra ilé tòun ti èèyàn nínú. Títí di òní, bó bá ti ibi iṣẹ́ dé, ó máa ń wo ilẹ̀kùn yẹn kó tó wo ojú mi.

Ẹ má rò pé ìyá náà ń dúpẹ́. Mo ń kúnlẹ̀ kí i láràárọ̀, ó ń dáhùn, ó tán. Kò jẹ oúnjẹ mi. Bí àwọn ọmọ bá sáré gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ kọjá, mo máa ń rọra bá wọn wí kó má baà gbọ́. Èmi ni mo rà á, síbẹ̀ èmi ni mo ń yọ́ rìn nínú rẹ̀. Àṣẹ Gómìnà ò sì tíì jáde. Lọ́yà ní kí n ṣe sùúrù.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ tó kọjá, lẹ́yìn ìrun alásárì, mo ń sá àdìrẹ ní ẹ̀yìnkùlé nígbà tí Ìyá Rábì jáde wá. Kò tíì bá mi jókòó rí. Ó fi ọwọ́ kan etí aṣọ kan, ó sì béèrè bóyá ìyá mi wà láyé. Mo ní rárá. Ó ní níbo la sin yín sí.

Màmá, mi kì í fẹ́ dáhùn ìbéèrè yẹn. Ẹ mọ̀ pé onílé tí a wà lọ́dọ̀ rẹ̀ nígbà yẹn kọ̀ kí a gbẹ́ ilẹ̀ rẹ̀, ìtẹ́ òkú ìjọba la gbé yín lọ, láàárín àwọn tí a ò mọ̀. Láti ìgbà yẹn ni ojú ti ń tì mí. Bí àwọn ẹgbẹ́ mi bá ń sọ pé ìyá àwọn wà nínú pálọ̀ àwọn, mo máa ń wá iṣẹ́ mìíràn ṣe. Ṣùgbọ́n mo sọ fún un.

Ó wo inú ọ̀dẹ̀dẹ̀ títí, níbi tí ọkọ rẹ̀ wà.

“Ó dáa bẹ́ẹ̀,” ló wí. “Kò sẹ́ni tó máa rí ibẹ̀ tà.”

Ẹ sùn re, Màmá.

Èmi ni, ọmọ yín tí ọkàn rẹ̀ ò kúrò lọ́dọ̀ yín.