Síbí Tó Lẹ̀ Mọ́ Apá Ìyá Rẹ

Gbémisọ́lá ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí Bámilóyè ọkọ rẹ, mo kí gbogbo ará ilé yín ní Ṣómólú, títí kan onílé yín tó máa ń ti géètì kí ilẹ̀ tó ṣú. Ọlọ́run tó dá ẹ̀mí wa sí nínú àìsàn Kòrónà yìí kò ní í jẹ́ kí a sunkún ara wa. Àlàáfíà ni a wà. Òjò ti ń rọ̀, àgbàdo ti yọ ìrùkẹ̀rẹ̀, ewúrẹ́ ìyá rẹ sì bí ìbejì, àmọ́ ìyá ewúrẹ́ náà ò mọ̀ ju kó máa jẹ aṣọ tí a bá sá lọ.

Bébà ni mo fi kọ èyí, Sabina ẹlẹ́ja ni yóò fi lé ọ lọ́wọ́, torí mo ti rí i pé ọ̀rọ̀ tí èèyàn bá kó sínú fóònù kì í gbọ́ ti ẹni tó kọ ọ́ mọ́.

Ìyá rẹ ló lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára Kòrónà. Nígbà tó dé, ó ní apá ń ro òun, mo sì fi òrí wọ́ ọ dáadáa. Kò pẹ́ sí i ni mo kà á nínú Wásáàpù ìdílé wa pé ẹni tó bá gba abẹ́rẹ́ yẹn, irin yóò máa lẹ̀ mọ́ ọn lára. Wọ́n kọ ọ́ sórí rẹ̀ pé a ti fi ránṣẹ́ lọ́pọ̀ ìgbà, èmi sì rò pé ọ̀pọ̀ èèyàn ló ti yẹ̀ ẹ́ wò nìyẹn. O mọ̀ pé mo ṣe sáyẹ́ǹsì dé kíláàsì karùn-ún ní sẹ́kọ́ńdírì, èmi kì í ṣe ẹni tó ń gba ohun tí kò rí gbọ́. Mo mú síbí, mo gbé e lé ìyá rẹ lápá níbi tí wọ́n ti gún un. Ó lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ̀rù bà mí débi pé mo wọ́ bẹ́ẹ̀dì wa kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé onírin.

Mo ya fọ́tò rẹ̀, mo kọ àlàyé sí i, mo fi ṣọwọ́ sí ìdílé. Nígbà tó yá, mo rí máàkì méjì aláwọ̀ búlúù lábẹ́ ohun tí mo kọ. Nílé ìwé wa, tí tíṣà bá fi máàkì kan ṣoṣo sí iṣẹ́ rẹ, o ti gbà á nìyẹn, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ méjì. Ìgbà yẹn ni mo ránṣẹ́ sí ọ pé mi ò gbọdọ̀ gbọ́ pé o dé ìdí abẹ́rẹ́ náà, pé tí o bá gbà á, má pè mí ní bàbá mọ́.

Ọjọ́ ọjà ni Sabina dé láti Bàrígà pẹ̀lú agbọ̀n ẹja rẹ̀. Ó ní láti Fọlá Àgórò dé Onípánù, ọ̀rọ̀ obìnrin kan lábúlé kan ní ìpínlẹ̀ Ògùn ni wọ́n ń sọ, tó gba abẹ́rẹ́ tí apá rẹ̀ wá ń fa irin, ó fa àdá lára ògiri, ó fa ìkòkò irin kúrò lórí iná, ọkọ rẹ̀ sì sá lọ sí Kùtọnu. Àánú ọkùnrin náà ṣe mí. Mo ní ká ní mo mọ ilé rẹ̀ ni, ǹ bá fi iṣu ránṣẹ́ sí i. Sabina wá mú fọ́tò náà jáde nínú fóònù rẹ̀. Ìyá rẹ wò ó, ó wò mí, ó ní apá òun nìyí, síbí òun nìyí, bùbá òun tí ewúrẹ́ jẹ létí nìyí. Ó ní tí ọkọ bá ti sá lọ sí Kùtọnu, ta ló wá jẹ ẹ̀bà òun lálẹ́ àná. Sabina rẹ́rìn-ín títí ẹja fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dà nù, ó ní Bàbá Gbémisọ́lá, ẹ kú àbọ̀ o, ṣé ilé Kùtọnu ò le.

Ìyá rẹ fi ọṣẹ fọ apá, ó gbé síbí lé e, síbí já bọ́. Ó wá fi òrí pa mí níwájú orí, èmi tí abẹ́rẹ́ ò kàn rí, ó fi síbí lé e, síbí dúró gbọnin bí ẹni pé ibẹ̀ ni wọ́n bí i sí.

Àwọn ń rẹ́rìn-ín lọ, ìwọ ni mo rántí. Àárín àwọn aláìsàn ni o ti ń fọ aṣọ bẹ́ẹ̀dì ní ọsibítù Igbóbì, èmi bàbá rẹ ni mo sì ní kí o máa wọ àárín wọn láìgba abẹ́rẹ́. Mo gbé àwo oúnjẹ tì. Mo pè ọ́ títí, obìnrin kan ló ń gbé e, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó jọ̀ọ́ bá mi pè ọ́, èèbó ló ń bá mi sọ. Nígbà tí mo wá rí Bámilóyè bá sọ̀rọ̀, ẹ̀bẹ̀ ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Ó ní kí bàbá má bínú, pé o ti gba ti àkọ́kọ́ kí iṣẹ́ mi tó dé, pé nígbà tí o sì ka iṣẹ́ mi tán, o tún lọ gba ìkejì, ẹ̀rù ló ń bà ọ́ láti sọ fún mi. Gbémisọ́lá, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé ọmọ mi ò gbọ́ràn sí mi lẹ́nu. Ọkàn mi balẹ̀ bí omi inú àmù.

Mo ti kọ ọ́ sí Wásáàpù ìdílé pé òrí ni, kì í ṣe abẹ́rẹ́. Mo gba máàkì méjì, àmọ́ kò sẹ́ni tó gbé e lọ síbì kankan. Ọ̀rọ̀ síbí ti dé Bàrígà kí n tó mọ̀, ọ̀rọ̀ òrí ò tíì kúrò ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Jọ̀ọ́, fi ẹnu bá mi sọ ọ́ fún àwọn ará àdúgbò yín.

Ọ̀la ni mò ń lọ gba tèmi, ìyá rẹ ní òun yóò tẹ̀lé mi kí n má baà gba Kùtọnu lọ. Tí nǹkan bá wà lọ́wọ́ yín, ẹ wá owó ọkọ̀ fún wa, ojú rẹ ni mo fẹ́ rí, ohùn nìkan ò tó mi. Sabina ni kí ẹ fi rán o. Èyí tí ẹ fi gba báńkì níjọ́sí, wọ́n ní ó ti wọ inú fóònù mi, mo tú ẹ̀yìn fóònù náà wò, mi ò rí kọ́bọ̀.

Ọlọ́run yóò fún ọ ní ọmọ tí yóò máa gbọ́ràn sí ọ lẹ́nu. Lọ́jọ́ tí ìwọ náà bá sì sọ ìsọkúsọ, kí Ọlọ́run yìí kan náà di ọmọ yẹn létí.

Èmi ni bàbá rẹ,
Adébọ̀dé