Má Tan Iná Yẹn Padà

Túbọ̀sún,

Tí o bá wọlé tí kò síná, kì í ṣe pé wọ́n mú un lọ. Má fọwọ́ kan ẹ̀rọ kékeré ẹ̀gbẹ́ mítà, èyí tí Àjíṣafẹ́ oníṣẹ́ iná so fún wa lẹ́yìn tí a sin Màámi. Ẹ̀rọ náà ló pa iná fúnra rẹ̀.

Bàámi lọ tan pọ́ńpù láàárọ̀ yìí, ní ẹ̀yìnkùlé níbi tí iná ti gbé Màámi tí wọn kò fi dìde mọ́. Ilẹ̀ tutù. Bí wọ́n ṣe fọwọ́ kan irin báyìí, iná gbọ̀n wọ́n lẹ́ẹ̀kan, gbogbo iná ilé sì kú. Ara wọn le, má jáyà.

Wọ́n bi mí pé, "Kí ló dé tí n kò kú?"

Mo sọ ohun tí Àjíṣafẹ́ sọ fún wa: iye iná tó bá gba wáyà kan jáde náà ló gbọ́dọ̀ gba èkejì padà. Bí díẹ̀ bá gba ara ènìyàn wọlẹ̀ lọ, ẹ̀rọ náà á mọ̀, á sì gé e kíá kó tó dé ọkàn onítọ̀hún.

Wọ́n wá ní, "Kẹ́mi, ṣé ohun kékeré báyìí ni ìyá yín ṣaláìní?"

Mò ń lọ pe Àjíṣafẹ́ wá láti Ọ̀tan, kó wá wo pọ́ńpù náà. Àsáró wà nínú ìkòkò, Bàámi kò fẹnu kàn án. Jókòó tì wọ́n. Bí wọ́n bá ń sunkún, má rẹ̀ wọ́n lẹ́kún. Jẹ́ kí wọ́n sun ún.

Kẹ́misọ́lá