Kọ̀ǹpútà Tí Wọ́n Pa Lẹ́nu Mọ́

Yàrá Kọ̀ǹpútà,
Àjà Kejì, Ilé Ìwòsàn.
Ọjọ́ kọkànlá, oṣù kẹfà.

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ìyàwó ńkọ́? Ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn ún ti fúyẹ́? O kú iṣẹ́ aṣọ iléèwé o. Mo mọ̀ pé àsìkò yìí ni àwọn òbí máa ń ya bo ṣọ́ọ̀bù rẹ. Ara tèmi le. Inú ló ń bí mi, etí rẹ ni mo sì fẹ́ tú u sí, kí n má baà lọ bú ẹni tó lè lé mi níṣẹ́.

Ìwọ tí abẹ́rẹ́ àti òwú ni tìrẹ, jẹ́ kí n là á yé ọ. Kọ̀ǹpútà ńlá tí mò ń tọ́jú níbí máa ń sọ̀rọ̀. Bí nǹkan bá ń ṣe é, á kọ ọ́ sójú ara rẹ̀, á tún kọ ọ́ sínú fáìlì kan tí à ń pè ní lọ́ọ̀gì, pẹ̀lú ọjọ́ àti aago. Òmíràn nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀ ò ju ìkíni lọ, òmíràn jẹ́ igbe ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó. Ẹni tó mọṣẹ́ á yà wọ́n sọ́tọ̀: kí gbogbo rẹ̀ wọnú fáìlì, kí igbe nìkan máa yọ sójú. Ohun tí mo bẹ ọ̀gá wa pé kó jẹ́ kí n ṣe nìyẹn.

Ọ̀gá Dákẹ́ là ń pè é lẹ́yìn rẹ̀. Kò sóhun tó kórìíra tó ariwo. Ó yọ bátìrì aago ara ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa nítorí pé ó ń dún, látìgbà náà la ti wà ní aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Lọ́jọ́ kan, àlejò pàtàkì bẹ̀ wá wò, ọ̀rọ̀ méjì sì yọ sójú kọ̀ǹpútà níṣojú rẹ̀. Ojú ti ọ̀gá. Kò tiẹ̀ béèrè ohun tí ọ̀rọ̀ náà sọ. Ó ránṣẹ́ pe ọkọ àbúrò rẹ̀, ẹni tó kọ́ kọ̀ǹpútà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà péré, tó ń wọ jígí dúdú nínú ilé. Ọ̀mọ̀ràn yìí dé, ó pa ọ̀rọ̀ ojú kọ̀ǹpútà rẹ́, ó sì darí lọ́ọ̀gì pàápàá sí /dev/null, ibi tí ohun tó bá wọ̀ ọ́ kì í jáde mọ́. Gbogbo rẹ̀ ò gbà á ní ìṣẹ́jú márùn-ún. Mo sọ̀rọ̀ títí, wọ́n ní mò ń jowú.

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún lẹ́yìn náà, lọ́sàn-án ọjọ́ Ìṣẹ́gun, dísìkì tí orúkọ àwọn aláìsàn wà lórí rẹ̀ kú. Ìwé ìtọ́jú oṣù mẹ́ta lọ. Àǹtí Atẹ̀wé ló wà nídìí ẹ̀rọ. Ọdún mọ́kànlá ni obìnrin yìí ti ń tẹ orúkọ aláìsàn níbí, kò sì sẹ́ni tó rí àbùkù rẹ̀ rí. Ọ̀gá na ìka sí i, ó ní òun ló pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, kó kó ẹrù rẹ̀ kó máa lọ sílé. Ọkọ àbúrò ní kí n pa kọ̀ǹpútà kí n tún un tàn, pé oògùn gbogbo rẹ̀ nìyẹn. Ìyẹn nìkan ló mọ̀ láyé ńbí.

Ohun tí kò mọ̀ ni pé ẹ̀rọ náà ní ìrántí kékeré kan tirẹ̀ tí ọwọ́ wọn ò dé, ṣùgbọ́n tó máa pòórá bí a bá pa á. Mo dúró síwájú bọ́tìnnì. Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ fún mi ní wákàtí kan. Bí ẹ bá pa á, ẹ̀rí lẹ pa yẹn." Mo tẹ dmesg, àṣẹ tó ń ka ìrántí yẹn jáde, ọ̀rọ̀ sì ya bo ojú kọ̀ǹpútà. Dísìkì ò ṣeé kọ nǹkan sí mọ́, torí náà bírò ni mo fi dà á kọ, ojú ewé mẹ́rin. Ọjọ́ kẹta tí wọ́n pa á lẹ́nu mọ́ ló ti ń ké pé dísìkì ń kú lọ. Ìgbà mọ́kàndínlógójì ló ké. Mẹ́rin nínú rẹ̀ bọ́ sí ọjọ́ Àìkú, tí ọ́fíìsì wà ní títì, tí kò sẹ́ni nídìí ẹ̀rọ.

Mo gbé e fún ọ̀gá níwájú ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso ilé ìwòsàn. Ó kà á, ó tún un kà, ó wá ní, "Kí ló dé tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi?" Mo wo ọkọ àbúrò, ó ń nu jígí rẹ̀. Èmi ni ojú bá wọn tì.

Lánàá ni wọ́n ní kí n mú lẹ́tà lọ fún Àǹtí Atẹ̀wé nílé. Ó tẹ́ ẹ sórí itan, ó kà á sókè: "Ilé iṣẹ́ ti dárí àṣìṣe rẹ jì ọ́. O lè padà sẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé." Ó ká lẹ́tà náà bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, ó nà án sí mi, ó ní, "Ẹ bá mi dá a padà fún wọn. Ẹ ní mi ò ṣẹ̀ wọ́n." Mi ò ní purọ́ fún ọ, omi bọ́ lójú mi.

Dísìkì tuntun ti dé. Inú páálí ló wà lórí tábìlì mi láti àárọ̀. Ọwọ́ la fi ń kọ orúkọ àwọn aláìsàn sínú ìwé báyìí, ọ̀gá fúnra rẹ̀ wà lára àwọn tó ń kọ ọ́. Ó ti ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta pé kí ni mò ń dúró dè. Mo ní lẹ́tà míì ni, èyí tí wọ́n ti fi tọrọ àforíjì lọ́wọ́ obìnrin náà. Bí ìyẹn bá nira fún wọn, kí wọ́n pe ọkọ àbúrò.

Bá mi kí ìyàwó àti àwọn ọmọ, kí o sì kí màmá wa bí o bá yà lọ́dọ̀ wọn. Má sọ èyí tó lè já wọn láyà fún wọn.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ tí kò tíì ṣí páálí,
Olùtọ́jú Kọ̀ǹpútà.