Bàbá Adékọ́lá àti Ohùn Tí Wọ́n Gé Kúrò

Ní Ibereko, lẹ́bàá Àgbádárìgì, ni wọ́n ti bí Olóògbé Rewájú Adékọ́lá lọ́dún 1953. Káfíńtà ni bàbá wọn, Pa Joel. Màmá Rúùtù tó bí wọn ń dáko ẹ̀gẹ́. Bàbá ka ìwé mẹ́wàá, wọ́n sì kọ́ iṣẹ́ kámẹ́rà ní Ìkẹjà.

Ní 1981, wọ́n gbé Sènamì níyàwó, ọmọ Ègùn láti Ajara. Bàbá ló ń tún gbohùngbohùn ṣọ́ọ̀ṣì ṣe lọ́fẹ̀ẹ́, wọn kì í sì í dúró gba ọpẹ́. Ọgbọ̀n ọdún ó lé ni wọ́n fi ṣiṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n láìsọ ohun tó ń dùn wọ́n fún ẹnikẹ́ni. Ká má parọ́ níwájú òkú, ìwà yìí sú wa.

Ní 2013, wọ́n ṣe ètò kan lórí àwọn obìnrin tó ń se epo àgbọn létí òkun. Ègùn nìkan làwọn obìnrin náà gbọ́, nítorí náà Màmá wa, Sènamì, ló bi wọ́n ní gbogbo ìbéèrè. Ọjọ́ tí ètò náà jáde, gbogbo ilé kóra jọ. Ohùn ọkùnrin kan láti Èkó la gbọ́. Ti Màmá ò sí níbẹ̀ rárá. Màmá ní, "Bàbá Ìyìnolúwa, ẹ̀yin lẹ gé mi dànù?" Bàbá ní, "Ó ti kọjá." Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ! Ọdún méjìlá gbáko ni Màmá fi di ọ̀rọ̀ náà sínú. Orúkọ Bàbá pàápàá ò sí níparí ètò náà, níbi tí wọ́n ti ń to orúkọ àwọn tó ṣe é. A rò pé ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ló gbàgbé.

Bàbá dágbére fáyé ní oṣù kẹwàá, 2025. Bí a ṣe ń wá fọ́tò fún ìwé ètò ìsìnkú yìí, a rí ẹ̀dà àkọ́gé ètò náà, ìyẹn èyí tí wọ́n kọ́kọ́ gé, tí wọn ò tíì fi orin sí. Ohùn Màmá ló kún inú rẹ̀. Níparí, a gbọ́ tí Bàbá ń bá ẹni tó ń gé fíìmù sọ̀rọ̀: "Sọ fáwọn ọ̀gá pé bí wọ́n bá yọ ohùn ìyàwó mi, kí wọ́n yọ orúkọ tèmi náà."

Gbólóhùn kan péré! Ṣé ó wúwo jù láti sọ nílé ni? Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Màmá ní ká tún un gbọ́. Wọ́n pòṣé, wọ́n ní, "Ọkùnrin yìí! Ta ni mo fẹ́ wá bẹ̀ báyìí?"

Bàbá fi Màmá sáyé lọ, pẹ̀lú ọmọ mẹ́ta, Ìyìnolúwa, Ìfẹ́ àti Daniel, àti ọmọ-ọmọ márùn-ún.

Ẹ sùn re o, Bàbá. Màmá ní ká kọ ọ́ síbí pé kí ẹ má bínú, àti pé bí ẹ bá dé ọ̀hún, kí ẹ jọ̀ọ́ máa la ẹnu sọ̀rọ̀.