Ẹ̀rọ Ìkórè Tí Bàámi Fún Mi

                                        Ilé Kẹrìndínlógún,
                                        Òpópónà Adéjìmí,
                                        Fọlá Àgòrò, Ṣómólú,
                                        Ìpínlẹ̀ Èkó.
                                        Ọjọ́ kọkànlá, oṣù kọkànlá, ọdún 2024.

Rọ̀kíbátù, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé orúnkún màmá yín ti ń rọ̀ wọ́n díẹ̀? Àlàáfíà ni gbogbo wa wà, Olúmúyìwá ọkọ mi ń kí ọ. Ọ̀rọ̀ kan ló dé tó tojú sú mi. Mo sì mọ̀ pé bí mo bá pè ọ́ lórí fóònù, ẹkún ni màá sun.

O mọ̀ pé láti ìgbà tí Bàámi ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ẹsẹ̀ àtọwọ́dá tí wọ́n ń ṣe ní Igbóbì, oko ìrẹsì ni wọ́n ń dá lẹ́yìn Ọ̀fadà. Lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, wọ́n ra kọ́ḿbáìnì àlòkù méjì, àwọn ẹ̀rọ ńlá tó ń gé ìrẹsì tó sì ń gbọn hóró rẹ̀ kúrò lára pòròpórò. Ọ̀kan ò ní ẹ́ńjìnnì, ìpẹtà ti jẹ abẹ́ èkejì. Wọ́n ní àwọn máa fi méjèèjì ṣe ẹyọ kan. Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mò ń lọ bá wọn níbẹ̀ lóṣooṣù. Kódà, bẹ́líìtì tó ń yí fáànù rẹ̀, ara ẹ̀rọ tí a fi ń gé ìwé ní ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé mi ni mo ti tú u.

Lọ́jọ́ Sátidé ìjẹta, ẹ̀rọ náà ṣiṣẹ́. Adébọ̀dé, wẹ́dà tó ń bá wọn ṣe é, ló kọ́kọ́ wà á. Nígbà tó pa á, Bàámi gba kọ́kọ́rọ́, wọ́n fi lé mi lọ́wọ́.

“Dọlápọ̀, tìrẹ ni.”

Mo ní, “Bàámi, Adébọ̀dé ńkọ́? Òun ló mọ̀ ọ́n wà.”

“Ó mọ̀ ọ́n wà. Ìwọ lo mọ ohùn rẹ̀ bó bá ń ṣàìsàn. Ojú mi ti ń lọ láti ọdún tó kọjá. Dókítà ní èyí tó ti lọ ò ní padà. Ọwọ́ ni mo fi ń wá nọ́ọ̀tù tí mo bá fẹ́ tú.”

Rọ̀kí, gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ní kí n ka nọ́ńbà ara irin sí wọn létí, mo rò pé wọ́n ń kọ́ mi níṣẹ́ ni.

Mo gun orí ẹ̀rọ náà, Adébọ̀dé dúró tì mí, mo gé ìrẹsì títí dé etí odò. Nígbà tí mo sọ̀ kalẹ̀, Bàámi kọjú sí oko, wọ́n ní kí n sọ bó ṣe rí fún àwọn. Mo sọ gbogbo ẹ̀, títí kan àwọn lékeléke tó ń tẹ̀lé wa lẹ́yìn. Wọ́n bi mí bóyá màá wá lọ́jọ́ Sátidé tó ń bọ̀. Mo ní màá wá.

Lánàá, Olúmúyìwá bi mí pé tí mo bá ń lọ oko, ta ni yóò dúró ti ṣọ́ọ̀bù? Òótọ́ ló sọ. Màámi ní ká ta ẹ̀rọ náà, kí àwọn àti Bàámi padà wá sí Ṣómólú. Òótọ́ ni tiwọn náà. Mi ò tíì jẹ́ kí ìkankan nínú wọn mọ̀ pé mo ti ṣèlérí.

Àwọn àgbà ní ọ̀rọ̀ kì í tóbi ká fi ọ̀bẹ bù ú, ẹnu la fi ń sọ ọ́. Gbà mí nímọ̀ràn. Bàbá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún mi pé ojú àwọn ń lọ, mo gun orí ẹ̀rọ, inú mi sì dùn. Èyí gan-an ni kò yé mi.

Bá mi kí Mùíz àti Faridah.

Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ tí kò tíì mọ èwo ni ṣíṣe,

Dọlápọ̀