Bàbá, Ràsákì Kò Ríbi Sùn

Ẹ kú ilé o, Bàbá mi. Ẹ kú ọyẹ́, ẹ kú ìtọ́jú oko. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Ìsẹ́yìn níbí, bí orúnkún mi kò tilẹ̀ fẹ́. Mo kí Ìyá mi, mo kí àwọn àbúrò mi ọkùnrin, mo kí àwọn ìyàwó ilé lápapọ̀. Olùkọ́ kan ló ń bá mi kọ lẹ́tà yìí. Mo ní kó kọ ohun tí mo bá sọ, kó má ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́. Mo sì ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde nínú ìwé ìròyìn kí gbogbo Ìwéré-Ilé kà á, torí gbogbo Ìwéré-Ilé ló rí ọjọ́ tí ọlọ́pàá mú Ràsákì.

Ọmọ mi Ràsákì jí kajú oko yín. Mi ò sọ pé kò jí i. Ẹ̀yin lẹ pe ọlọ́pàá, mi ò bá yín jà sí i. Ó ti ṣẹ̀wọ̀n rẹ̀ tán. Láti ìgbà tí wọ́n ti tú u sílẹ̀, inú ìsọ̀ òfìfo kan lọ́jà àtijọ́ ní Ìsẹ́yìn níbí ló ń sùn. Ẹ̀yin ní kò gbọdọ̀ tẹ ẹnu ọ̀nà yín níwọ̀n ìgbà tí ẹ bá wà láàyè. Ọkọ Sìdí ọmọ mi, tí mo ń gbé nílé rẹ̀, ní òun ò gba ẹlẹ́wọ̀n sílé. Àlejò ni èmi náà níbẹ̀. Òwú ni mò ń ká fún àwọn ahunṣọ láti àárọ̀ dalẹ́, ọmọ-ọmọ á sì wà lẹ́yìn mi. Kò sẹ́ni tó bi mí léèrè ohun tí mo fẹ́.

Àwọn kan wà tí wọ́n ń ran àwọn tó jáde lẹ́wọ̀n lọ́wọ́. Wọ́n fún Ràsákì ní fóònù, irú èyí tí wọ́n ń fọwọ́ pa lójú. Wọ́n ní láràárọ̀ ni ẹ̀rọ inú rẹ̀ yóò máa bi í bó ṣe sùn, pé ibẹ̀ làwọn yóò ti mọ ẹni tí ìyà rẹ̀ pọ̀ jù, àwọn yóò sì wá yàrá fún un. Wọn ò sọ fún èmi nígbà náà. Iná ò sí ní ìsọ̀, olè sì pọ̀, nítorí náà ó máa ń fi fóònù sọ́dọ̀ mi kí n bá a ṣáàjì rẹ̀, á wá gbà á láàárọ̀ nígbà tó bá wá mu ẹ̀kọ.

Kó tó dé, fóònù á ti dún. Sìdí fi ibi tí n ó tẹ̀ hàn mí. Ohùn obìnrin kan á ní ẹ kú àárọ̀ o, báwo ni ibi tí ẹ sùn, ṣé ara le? Bàbá, ẹ̀yin lẹ kọ́ wa pé a kì í fi ẹkún jẹ́ ìkíni àárọ̀. Mo ní a dúpẹ́, àlàáfíà la jí. Bí mo ṣe ń dá a lóhùn lójoojúmọ́ nìyẹn. Mo tilẹ̀ ń bi í pé ilé tirẹ̀ ńkọ́. Kò dáhùn rí. Mo ní kò lẹ́kọ̀ọ́ ilé.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, obìnrin kan nínú wọn wá. Ó ní yàrá méjì ló wà, àwọn ti fi wọ́n fún àwọn tó ń ráhùn. Ó ní ti Ràsákì, àlàáfíà ló ń jí ní gbogbo ọjọ́. Mo ní èmi ni mo ń dá fóònù lóhùn, kì í ṣe òun. Ó wò mí bí ẹni ń wo ewúrẹ́ tó jẹ èlùbọ́. Ó ní Màmá, ẹ̀ bá ti sọ òótọ́. Mo ní ta ló ń sọ òótọ́ fún ẹni tó kí i láàárọ̀? Ó ní yàrá ti tán, òun ò sì mọ ìgbà tí òmíràn á wà.

Ràsákì ò bínú. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní Ìyá, ẹ ti bá mi dúpẹ́ tán, ó kù kí n sùn. Ikọ́ ló dá ẹ̀rín náà dúró. Láti ọjọ́ náà kò wá mu ẹ̀kọ mọ́. Mo rí i ní gáréèjì níbi tó ti ń gbé ẹrù oníṣu, ó yíjú. Ọyẹ́ ọdún yìí ń la ètè, ikọ́ tó gbé bọ̀ láti ẹ̀wọ̀n kò sì lọ. Mi ò rò pé yóò rí òjò àkọ́kọ́ nínú ìsọ̀ yẹn.

Bàbá, yàrá tó kángun sí àká yín ṣófo. Mi ò ní kí ẹ dárí jì í. Mi ò ní kí ẹ bá a sọ̀rọ̀. Kí ẹ jẹ́ kó sùn síbẹ̀ ni. Bí ẹ bá sì ní rárá, ẹ má fi àdúrà ránṣẹ́ sí mi, ẹ má ní Ọlọ́run á ṣe é. Ẹ kọ rárá, kí n mọ̀ pé ọmọ mi ò nílé mọ́ láyé, kí n yéé wojú ọ̀nà.

Kí Ọlọ́run fún yín ní ẹ̀mí gígùn, kí ojú yín má ríbi. Ẹ bá mi kí Ìyá mi, ẹ kí ará ilé, ẹ kí aládùúgbò, ẹ kí ẹni tí lẹ́tà yìí bá bí nínú.

Ọmọ yín,
Ìyá Ràsákì